Bí Tìrélà Bá Ń Jẹ Táyà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá òpópónà ńlá tí ó ti Ṣágámù wá, tí ó gba ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti ìlú Benin, yóò rí i pé tọ̀sán tòru ni tìrélà ń kọjá. Òmíràn ru àpótí irin ńlá láti èbúté Èkó, òmíràn ru símẹ́ǹtì, òmíràn ru epo, òmíràn sì ru gẹdú. Bí ẹni náà bá wo etí ọ̀nà, yóò tún rí awẹ́ rọ́bà dúdú tí ó fọ́n káàkiri bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Ara táyà tí ó bẹ́ ni àwọn awẹ́ náà ti wá. Awakọ̀ mìíràn a máa bọ́ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ láìfarapa. Òmíràn kì í bọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì tí tìrélà rẹ̀ ya lù kì í bọ́.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, táyà kì í ṣàdédé bẹ́. A máa kọ́kọ́ kìlọ̀, ojú rẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà sì máa ń hàn sí. Bí táyà bá ń jẹ déédéé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ara ọkọ̀ dá ṣáṣá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí ní àárín nìkan, tàbí ní kòtò-kòtò, àìsàn kan wà lára ọkọ̀ náà tí a kò tíì wò.

Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ kí àwọn onímọ́tò, àwọn awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ wọn, àwọn fọ́kánáísà, àti àwọn àgbẹ̀ tí ń fi katakata fa tìrélà ẹ̀gẹ́ láti oko mọ bí a ṣe ń ka ìkìlọ̀ náà. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni, igi ìṣáná, ẹfun, téèpù gbẹ́nàgbẹ́nà àti géèjì tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

AFẸ́FẸ́ NI Ó Ń RU ẸRÙ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rọ́bà ni ó ń gbé ẹrù ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà dàbí àpò lásán. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń ru ẹrù. Ní ọdún 1887, oníṣègùn ẹran kan tí a ń pè ní John Boyd Dunlop, ní ìlú Belfast, ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kí ó má baà máa gbọ̀n jìgìjìgì lórí òkúta. Láti ìgbà náà ni lílo táyà oníafẹ́fẹ́ ti tàn kálẹ̀ gbogbo ayé. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹrù kò ní ìrọ̀rí tí yóò gbé e. Ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa tẹ̀, yóò sì máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí. Bí a bá tẹ wáyà kan síwá sẹ́yìn léraléra, a óò rí i pé ó ń gbóná kí ó tó dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti táyà. Ooru yìí ni ó ń pa á láti inú wá, tí ojú kò tíì rí i.

ÌDÍ TÍ TI TÌRÉLÀ FI YÀTỌ̀

Tìrélà kò ní ẹ́ńjìnì, kò sì ní ìdarí. Orí ọkọ̀ ni ó ń fà á, ó kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò bá ní àléébù, ọwọ́ awakọ̀ yóò mọ̀ ọ́n, nítorí ìdarí yóò máa gbọ̀n tàbí kí ó máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àléébù tí ó wà lábẹ́ tìrélà kì í dé ọwọ́ awakọ̀. Ó lè rin ìrìn àjò láti Èkó dé Benin kí ó má mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ti wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Táyà nìkan ni ó mọ̀, ojú ara rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ sí.

Ẹ̀wẹ̀, lọ́pọ̀ tìrélà, táyà méjì-méjì ni ó wà lórí ẹsẹ̀ kan, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ti inú fara pamọ́. Òun ni a kì í sábà wò, òun náà ni a kì í sábà fún ní afẹ́fẹ́.

BÍ A ṢE Ń YẸ TÁYÀ WÒ

Ẹ yẹ táyà wò ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí ó tutù. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró kí ó má baà yí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọn afẹ́fẹ́ gbogbo táyà, ti inú àti ti òde. Àṣà àwọn kan ni láti fi irin lu táyà kí wọ́n sì fetí sí ìró rẹ̀. Èyí lè fi táyà tí ó ti sófo pátápátá hàn, ṣùgbọ́n etí kò lè mọ ìyàtọ̀ pọ́ùn 100 sí pọ́ùn 75. Géèjì nìkan ni ó lè sọ ọ́. Àwọn onímọ́tò ńlá ní Amẹ́ríkà a máa ka táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín ní ìdá kan nínú márùn-ún sí èyí tí ó ti jò tán. Èyí ni pé, bí ó bá yẹ kí ó gba 100 tí a sì bá 80 nínú rẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí ó rin ìrìn àjò mọ́ títí a ó fi mọ ibi tí ó ń gbà jò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú igi ìṣáná kan. Ẹ tì í bọ inú ilà tí ó wà láàárín ọnà táyà, kí ẹ fi èékánná sàmì sí ibi tí ó mọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi mẹ́ta: lẹ́bàá èjìká inú, ní àárín, àti lẹ́bàá èjìká òde. Bí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ó dára. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ fi ẹfun kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà kí ẹ má baà gbàgbé. Bí jíjìn ilà náà kò bá sì tó sísanra igi ìṣáná fúnra rẹ̀ mọ́, ìgbà ti tó láti yọ táyà náà dànù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ọnà táyà ọkọ̀ kékeré dín sí mìlímítà 1.6, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí sísanra igi ìṣáná.

Ní ìkẹyìn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti òde lọ sí inú, kí ẹ tún rà á láti inú bọ̀ sí òde. Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí wáyà lè ti yọ síta.

ÀWỌN ÀMÌ ÀTI ÌTUMỌ̀ WỌN

1. Bí ó bá jẹ ní àárín nìkan. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Táyà wú bí ikùn ẹni tí ó yó, àárín rẹ̀ nìkan ni ó ń fi ara kan ilẹ̀. Ẹ dín in kù sí ìwọ̀n tí ó bá ẹrù mu, kí táyà sì wà ní tútù nígbà tí ẹ bá ń dín in. Ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù lọ tí táyà lè gbà wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

2. Bí ó bá jẹ ní èjìká méjèèjì tí àárín sì ṣì ga. Afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí ẹrù ti pọ̀ ju agbára táyà lọ. Àmì yìí ni ó léwu jù, nítorí òun ni ó ń bá ooru tí a sọ lẹ́ẹ̀kan rìn. Táyà tí ó bá ní àmì yìí lè bẹ́ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oorun ń mú tí ọkọ̀ sì ń sáré.

3. Bí ó bá jẹ ní èjìká kan, tí ibẹ̀ sì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ẹsẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lábẹ́ tìrélà, èjìká inú ni ó sábà máa ń jẹ báyìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pá irin kan dábùú abẹ́ ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì so mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Bí a bá di ẹrù tí ó ju agbára ọ̀pá náà lọ, àárín rẹ̀ a tẹ̀ wá sílẹ̀, orí ẹsẹ̀ méjèèjì a sì fì sí ara wọn bí igi òrùlé. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kan tí a di ẹrù àdìjù, kí ọ̀pá náà má sì padà bọ̀ sípò mọ́ láé.

4. Bí etí ọnà táyà bá mú bí ayùn. Bí a bá fi ọwọ́ rà á lọ, ó dán. Bí a bá rà á bọ̀, ó ń gé ni lọ́wọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ náà ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń yí síwájú. Ẹ fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí ibi mímú náà bá kọjú sí ọ̀nà kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo ọ̀pá ẹsẹ̀ náà ni kò dúró déédéé lábẹ́ ọkọ̀. Bí ti ọ̀tún àti ti òsì bá kọjú sí ara wọn, tàbí tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ni ó ti wọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn.

5. Bí ó bá jẹ ní kòtò-kòtò yíká. Ẹsẹ̀ náà ń fò sókè, ó sì ń já lu ilẹ̀ dípò kí ó máa yí wọ́ọ́rọ́. Ẹ yẹ bíárìn wò, bóyá ó ti tú. Ẹ yẹ sípíríǹgì àti àwọn búùṣì rẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti jẹ. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi irin gbọọrọ ṣe ọ̀pá tí a ó fi gbé e láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń mì, bíárìn ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi igi tí ó le tì í.

6. Bí ojú kan ṣoṣo bá pá, tí ìyókù sì ní ọnà. Bíréèkì ti di ẹsẹ̀ náà mú gbagidi nígbà kan, táyà kò yí, ó sì wọ́ nílẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí tìrélà kò ru ẹrù tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì. Bí ó bá jẹ́ pé táyà ẹsẹ̀ kan ń tán kíákíá ju ti èkejì lọ, bóyá bíréèkì rẹ̀ kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfi kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù ni ẹ ó mú lọ bá mẹkáníìkì.

7. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá jẹ ju èkejì lọ. Táyà méjì tí ó wà lórí ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ga bákan náà, kí afẹ́fẹ́ wọn sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì sì ti gbó, èyí tí ó ga ni yóò ru gbogbo ẹrù. Èyí tí ó kéré yóò kàn máa wọ́ nílẹ̀. Báyìí ni méjèèjì ṣe ń bàjẹ́, ọ̀kan nítorí iṣẹ́ àṣejù, èkejì nítorí ìwọ́kúwọ̀ọ́.

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú, kí a má baà dá ọkọ̀ lẹ́bi láìṣẹ̀. Tìrélà tí ó ní ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá yí kọ́rọ́ ní ibi tóóró, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dandan. Jíjẹ díẹ̀ ní èjìká àwọn táyà wọ̀nyí kì í ṣe àìsàn. Kí awakọ̀ fẹjú ìyíkọ́rọ́ rẹ̀, kí a sì máa pààrọ̀ ipò táyà láti ìgbà dé ìgbà.

ÌRÌN ALÁKÀN

Ẹ ti rí tìrélà tí orí rẹ̀ ń lọ tààrà ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń rìn bí alákàn. Ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dúró déédéé. Ẹni méjì lè yẹ èyí wò pẹ̀lú téèpù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti irin tí a fi kọ́ tìrélà mọ́ orí ọkọ̀ dé òpin ọ̀pá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ní apá ọ̀tún, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n dé òpin rẹ̀ ní apá òsì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n láti ọ̀pá àkọ́kọ́ dé ìkejì ní ọ̀tún àti ní òsì, àti láti ìkejì dé ìkẹta. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbà láàyè ni pé kí ìyàtọ̀ ti àkọ́kọ́ má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì kan lọ, kí ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e má sì ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ rí i pé ohun kékeré ni ó ń ba nǹkan ńlá jẹ́. Okùn lè fi àléébù ńlá hàn, ṣùgbọ́n okùn a máa nà. Téèpù ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí.

TÁYÀ TUNTUN KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé onímọ́tò kan rí i pé èjìká inú táyà méjì ti tán. Ó ta ẹrù rẹ̀, ó yáwó kún un, ó ra méjì tuntun, ó sì fi wọ́n sí ojú kan náà. Ní oṣù díẹ̀, èjìká inú ti àwọn náà ti tán. Ó ní ẹni tí ó ta táyà fún òun rẹ́ òun jẹ. Ẹni náà kò rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀pá tí ó ti tẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ lówó, yóò sì jẹ táyà kẹta àti ìkẹrin bí a kò bá tún un ṣe. Àwọn baba wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó ra táyà, kí a bi èyí tí ó gbó léèrè ohun tí ó pa á. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí fọ́kánáísà gbé e jù sínú igbó kí ẹ tó wò ó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa gidigidi. Ilé iṣẹ́ Dunlop tí ó wà ní Ìkẹjà àti ti Michelin tí ó wà ní Port Harcourt a máa ṣe táyà ní orílẹ̀-èdè yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún 2010 tó dé, àwọn méjèèjì ti dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ táyà wa ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń ga bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá ti ń ga. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá tọ táyà tòkunbọ̀.

Ẹni tí yóò bá ra tòkunbọ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Bí a bá kọ 3521, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2021 ni a ṣe táyà náà. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ pé kí a lo táyà tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Kí a má ṣe fi owó ra ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fi òfin kọ̀. Ní ilẹ̀ wa náà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 a máa mú ẹni tí táyà rẹ̀ bá ti bàjẹ́.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN FỌ́KÁNÁÍSÀ

Iṣẹ́ yín jẹ́ iṣẹ́ ìgbàlà ẹ̀mí, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí ti ara yín dí i. Ọ̀pọ̀ táyà tìrélà ni ó wà lórí rímù tí òrùka irin dè mú. Bí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa tí afẹ́fẹ́ sì kún, yóò fò jáde bí ọta ìbọn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó fi ọwọ́ kan òrùka. Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ gbé táyà sínú àgò irin, ẹ lo ọ̀pá afẹ́fẹ́ gígùn, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe dojú kọ ọ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ jókòó lé e. Táyà tí ó bá ti rìn lórí òfo, ẹ má ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i padà títí ẹ ó fi tú u kúrò lórí rímù, kí ẹ wo inú rẹ̀. Wáyà inú lè ti já, kí òde sì ṣì máa dán.

ÌPARÍ

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀ tó láti yẹ táyà tìrélà kan wò. Onímọ́tò tí ó ń kánjú awakọ̀ rẹ̀ kí ó má ráyè ṣe é ni yóò san owó rẹ̀ lẹ́yìnwá, bí owó nìkan bá sì ni ó san, kí ó dúpẹ́. Awakọ̀ tí ó bá rí àmì tí ó dákẹ́, ó ti gba ẹ̀bi. Ọmọ ọkọ̀ tí ó bá rí i tí ó sọ, kí ọ̀gá rẹ̀ má ṣe bá a wí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró.

Bí olùkàwé bá ti ka àlàyé yìí sí etígbọ̀ọ́ yín tán, kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ jáde lọ wo táyà inú, èyí tí ó fara pamọ́, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni kí àwa fi ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa, nítorí tiwa àti nítorí àwọn tí a jọ ń rìn lójú ọ̀nà.